Kí A Tó Dá Bátìrì Lẹ́bi: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Bọ́ọ̀sì Àtijọ́ Tí Kò Fẹ́ Sítáàtì

Ẹ̀yin tí a torí yín pe ìpàdé yìí ní Warri gan-an ni ẹ̀yin réwáyà, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin awakọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ohun tí ìgbìmọ̀ tó pe ìpàdé yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí a yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí kò dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò gùn. Ẹni tó bá fẹ́ tún iná ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wọn iná náà kí ó tó tú nǹkan kan, kí ó sì tó sọ fún onímọ́tò pé kí ó lọ ra nǹkan kan. Nínú ọkọ̀ tó ti dàgbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni bátìrì àti kíkì-sítáátà kò jẹ̀bi. Ọ̀nà tí iná ń gbà láàárín àwọn méjèèjì ló bàjẹ́. Gbogbo ohun tí n óò sọ láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni.

Bọ́ọ̀sì wo là ń sọ?

Bọ́ọ̀sì Volkswagen tí ẹ̀ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ní 1947, oníṣòwò kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Netherlands, Ben Pon, ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé: àpótí ńlá lórí táyà, awakọ̀ níwájú, ẹ̀ńjìnì lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1950, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jámánì. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ilé iṣẹ́ Westfalia bẹ̀rẹ̀ sí í to ibùsùn, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, tó fi di ọkọ̀ tí ènìyàn lè sùn sí, tó sì lè dáná nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìran kejì rẹ̀ jáde ní 1967, ìran kẹta ní 1979. Ní ilẹ̀ wa níbí, Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní 1975, ní Ọjọ́ lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Bọ́ọ̀sì Volkswagen yìí náà ni Èkó sọ di danfo.

Èyí tó bá ṣì wà lọ́wọ́ ènìyàn lónìí nínú ìran kẹta tó ti Jámánì wá ti lé ní 30 ọdún. Àwọn kan ti sọ tiwọn di ọkọ̀ ìwàásù tó ń gbé gbohùngbohùn káàkiri àdúgbò. Àwọn kan fi ń kiri ọjà. Àwọn mìíràn sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i, wọ́n gbé sítóòfù àti fìríìjì kékeré sí i, kí ìrìn àjò láti ibí lọ sí Èkó, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, má baà fi dandan gba owó òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní in nítorí àṣehàn. Ohun tí agbára rẹ̀ ká nìyẹn. Nítorí náà, náírà tí a bá ná lé e lórí lásán dùn ún wọra. Bí ti ẹlòmíràn bá jẹ́ Hiace, Urvan tàbí Peugeot J5 àtijọ́, kí ó má dìde o. Ìlànà kan náà ló bá gbogbo wọn mu.

Ọ̀nà mẹ́ta

Charles Kettering, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe ẹ̀rọ oníná tó ń yí ẹ̀ńjìnì ọkọ̀ ní 1911, Cadillac sì gbé e sínú ọkọ̀ wọn ti 1912. Ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí irin níwájú ọkọ̀, irin náà a sì máa ta padà ṣẹ́ ènìyàn lápá. Kíkì-sítáátà tí à ń tú lónìí, ìran ẹ̀rọ náà ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ wúwo. Gílóòbù iná iwájú kan ń gba nǹkan bí ámpíà 5. Kíkì-sítáátà lè gba 150 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó fi ń yí ẹ̀ńjìnì. Ọ̀nà mẹ́ta ni iná tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń gbà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà àlọ: wáyà ńlá tó ti orí pọ́sítíìfù bátìrì lọ sí kíkì-sítáátà. Èkejì ni ọ̀nà àṣẹ: wáyà tínínrín tó ti ẹnu kọ́kọ́rọ́ lọ pe sólínọ́ìdì, ìyẹn súíìsì orí kíkì-sítáátà tó ń ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà àbọ̀: láti ara ẹ̀ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì, gba okùn ẹ́ẹ̀tì sí bọ́dì, kí ó tó padà sí orí nẹ́gétíìfù. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dí, ọkọ̀ kò ní sítáàtì, bátìrì ì báà jẹ́ tuntun láti ilé ìtajà.

Nínú bọ́ọ̀sì ìran kẹta, bátìrì wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, kíkì-sítáátà sì wà lẹ́yìn lára gíábọ́ọ̀sì. Ìyẹn ni pé iná máa rin gbogbo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ já kí ó tó dé ẹnu iṣẹ́. Nínú ìran kejì, bátìrì wà lẹ́yìn nítòsí ẹ̀ńjìnì, ọ̀nà àlọ rẹ̀ sì kúrú, ṣùgbọ́n wáyà àṣẹ ṣì ń ti iwájú bọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ilé ìfọpo ṣiṣẹ́ ní Ekpan mọ̀ pé páìpù ló ń gbé epo rọ̀bì wá láti Escravos. Bí epo kò bá dé bó ṣe yẹ kó dé, kò sí ọ̀gá tó mọṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ ní kí wọ́n hú páìpù. Géèjì ìbẹ̀rẹ̀ àti géèjì ìparí ni yóò kà. Ibi tí agbára ti já sílẹ̀ láàárín méjèèjì ni yóò lọ tú. Fóòtì ni agbára tó ń ti iná, wáyà ni páìpù rẹ̀, mítà sì ni géèjì wa. Gbogbo iṣẹ́ réwáyà lórí ọkọ̀ tó kọ̀ láti sítáàtì, ibi tí fóòtì ti já sílẹ̀ ló ń wá.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí i

Kí a tó mú mítà, etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn ọkọ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá pa lọ́lọ́, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò tàn, tí họ́ọ̀nù kò dún, iná kò jáde rárá: bátìrì ti kú tán, tàbí orí rẹ̀ ti tú. Bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn rekete ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn ọkọ̀ kò sọ nǹkan kan, ọ̀nà àṣẹ ni kí ẹ fura sí: ẹnu kọ́kọ́rọ́, wáyà tínínrín, tàbí ibi tí a ti so ó mọ́ sólínọ́ìdì.

Bí ẹ bá gbọ́ “kọ́” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì dákẹ́, sólínọ́ìdì ti gbọ́ àṣẹ, àmọ́ iná ńlá kò ráyè kọjá. Ó lè jẹ́ pé kábọ̀n inú kíkì-sítáátà ti jẹ tán, tàbí pé ojú bàbà inú sólínọ́ìdì ti jó, tàbí pé ọ̀nà àlọ tàbí àbọ̀ ti dí. Bó bá sì jẹ́ “ta-ta-ta-ta” ni, bí ìbọn ọmọdé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: sólínọ́ìdì fà, iná ńlá fẹ́ kọjá, fóòtì já sílẹ̀ lójijì, sólínọ́ìdì tú ọwọ́, fóòtì gòkè padà, sólínọ́ìdì tún fà. Bátìrì tí kò ní iná tó, tàbí orí bátìrì tó dọ̀tí, ló sábà máa ń fa èyí.

Bí ẹ̀ńjìnì bá ń yí ṣùgbọ́n tó ń wọ́ ẹsẹ̀, iná ń dé, kò kàn tó ni. Bí kíkì-sítáátà bá ń yí “fírírírí” tí ẹ̀ńjìnì kò sì mì, bẹ́ńdíìsì kò mú eyín fulawíìlì. Bí ẹ̀ńjìnì bá sì ń yí geere tí kò gbiná, ẹ fi bátìrì àti kíkì-sítáátà sílẹ̀. Wọ́n ti ṣe tiwọn. Kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì-sẹ́ẹ̀tì, kọ̀ńdẹ́ńsà, púlọ́ọ̀gì àti epo ló kàn.

Ìdánwò kan tún wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ tan iná inú ọkọ̀, kí ẹ sì máa wò ó bí ẹnì kan ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì tàbí orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá ń tàn bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀, iná ńlá kò kúrò ní bátìrì rárá, ọ̀nà rẹ̀ ti já níbì kan.

Ìdí tí tẹ́sítà oníbóòbù fi lè tan wá jẹ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ gbé etí yín sí jù. Ọ̀pọ̀ réwáyà ń fi tẹ́sítà oníbóòbù ṣiṣẹ́: ó tàn, wáyà dára, kò tàn, wáyà bàjẹ́. Ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Bóòbù kékeré kò gbà tó ámpíà 1. Wáyà ńlá tí gbogbo okùn bàbà rẹ̀ ti jẹrà tán, tó ku okùn kan ṣoṣo, yóò tan bóòbù náà dáadáa. Ẹ wá ní kí ó gbé ámpíà 150 fún kíkì-sítáátà. Kò ní lè gbé e.

Georg Ohm, ọmọ Jámánì, ló gbé òfin rẹ̀ jáde ní 1827: fóòtì tó máa sọnù lójú ọ̀nà jẹ́ iye ámpíà tó ń kọjá tí a fi iye ìdènà tó wà níbẹ̀ sọ di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìpata ti fi ìdènà ohm 0.02 sí ìdí okùn ẹ́ẹ̀tì. Iye yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mítà ọwọ́ wa kò ní lè kà á dáadáa. Nígbà tí ámpíà 1 bá kọjá, fóòtì 0.02 ló máa sọnù; kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nígbà tí ámpíà 150 bá kọjá, fóòtì 3 ló lọ yẹn. Bátìrì tó ní 12.6 yóò wá dà bíi pé 9.6 ló ní, kíkì-sítáátà yóò sì máa wọ́ ẹsẹ̀. Ọ̀gá yóò ní bátìrì ti kú. Onímọ́tò yóò ra tuntun. Bátìrì tuntun náà yóò bá ìpata kan náà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wọn iná nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí kì í ṣe nígbà tó ń sinmi nìkan.

Bí a ṣe ń fi mítà wá a

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé jíà sí níútírà, ẹ fa búrékì ọwọ́, kí ẹ sì yọ wáyà tínínrín tó ń gbé iná wọ kọ́ìlì kí ẹ̀ńjìnì má baà gbiná lójijì.

Ẹ wọn bátìrì lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún wákàtí díẹ̀. Bó bá kún, mítà yóò ka 12.6 tàbí kí ó lé díẹ̀. 12.4 túmọ̀ sí pé ó ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2, ó ku ìdajì, 12.0, ó ti ń lọ sílé. Bátìrì tí kò bá kún, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ chájì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò mìíràn, nítorí bátìrì tí ebi ń pa kò lè jẹ́rìí òtítọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà sílẹ̀ lórí bátìrì, kí ẹnì kan yí ẹ̀ńjìnì. Bí fóòtì bá wà lókè 9.6, bátìrì ń gbìyànjú. Bí ó bá já sísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ó kún tẹ́lẹ̀, ìgbà náà ni a ní ẹ̀rí láti fura sí bátìrì.

Lẹ́yìn èyí la kan ọ̀nà àlọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ mítà kan lé orí pọ́sítíìfù fúnra rẹ̀, kì í ṣe lé irin tó dì í mú, kí ẹ gbé èkejì lé ìdè ńlá lára kíkì-sítáátà tí wáyà bátìrì so mọ́. Ẹ yí ẹ̀ńjìnì. Ohun tí mítà bá kà ni iye tó sọnù lójú ọ̀nà. Kò yẹ kó ju 0.5 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa sún ẹsẹ̀ mítà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ìdè kan sí èkejì, títí ẹ ó fi bá ibi tí fóòtì ti ń já. Ẹ ti mú olè náà lọ́wọ́ báyìí, láìtú nǹkan kan.

Ọ̀nà àbọ̀ náà ń bọ̀, èmi yóò dá a sọ. Ní ti ọ̀nà àṣẹ, ẹ wọn iná tó dé ẹnu sólínọ́ìdì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní yíyí. Kò yẹ kó fi ju fóòtì 1 lọ dín sí ti orí bátìrì.

Àwọn ará Jámánì ṣe wá lóore kan níbí. Wọ́n fi nọ́ńbà sí ìdí wáyà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn, ẹ ó bá a lára irin fúnra rẹ̀. 30 ni iná tó ti bátìrì wá tààrà. 15 ni iná tó ń wá nígbà tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́. 50 ni àṣẹ tó ń lọ pe kíkì-sítáátà. 31 ni ẹ́ẹ̀tì. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ nọ́ńbà mẹ́rin yìí lórí kò ní máa fi àwọ̀ wáyà méfò mọ́, pàápàá nínú ọkọ̀ tí ọwọ́ ọ̀gá márùn-ún ti kọjá lára wáyà rẹ̀.

Ẹjọ́ ẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú iṣẹ́ wa, pọ́sítíìfù là ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. A ó fọ orí rẹ̀, a ó pààrọ̀ wáyà rẹ̀, a ó sì gbàgbé pé iná tó lọ gbọ́dọ̀ bọ̀, iye tó lọ náà ló sì ń bọ̀.

Ẹ̀ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì bọ́ọ̀sì yìí jókòó lórí rọ́bà kí ó má baà máa gbọ̀n jù. Rọ́bà kì í gbé iná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi okùn bàbà tí a hun pẹlẹbẹ so gíábọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì. Okùn yẹn nìkan ni afárá tí iná ńlá fi ń padà wálé. Ó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ẹrẹ̀ àti omi ti ń ta sí i. Warri kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ: òjò tó ń rọ̀ níbí lọ́dún ju mìlímítà 2,500 lọ, gbogbo wa la sì mọ bí omi ṣe ń dúró sójú títì lágbègbè Warri àti Effurun nígbà òjò. Okùn tó ti ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ fún 30 ọdún yóò di eérú àwọ̀ ewé nínú, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì dára.

Bí okùn yìí bá já, iná yóò wá ọ̀nà àbùjá. Yóò gba wáyà súlósíìlétọ̀ tàbí okùn kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí okùn súlósíìlétọ̀ gbóná, tàbí tí ó rú èéfín, ẹ má wá ibòmíràn lọ. Ẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ gbé ẹsẹ̀ mítà kan lé ara gíábọ́ọ̀sì níbi tí irin ti mọ́, èkejì lé orí nẹ́gétíìfù, kí ẹ yí ẹ̀ńjìnì. Bó bá ju 0.3 lọ, ọ̀nà àbọ̀ ti dí. Ẹ tú okùn náà, ẹ fi sáńdípépà ha irin bọ́dì títí yóò fi dán, ẹ fi okùn tuntun sí i, ẹ dè é le, kí ẹ wá fi gírísì bo ìdè náà lẹ́yìn tí ẹ ti dè é. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan nìyí. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ owó bátìrì rárá.

Òwúrọ̀ kò níṣòro, ọ̀sán ló ń kọ̀

Àìsàn kan wà tí a mọ bọ́ọ̀sì Volkswagen mọ́ káàkiri ayé. Ó sítáàtì ní kùtùkùtù láìjanpata. Ẹ wà á dé Sapele, ẹ pa á láti ra nǹkan, ẹ padà dé, ó ní “kọ́”, ó dákẹ́. Ẹ dúró fún ìdajì wákàtí kí ó tutù, ó tún sítáàtì. Ọ̀pọ̀ kíkì-sítáátà tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n ti sọ nù nítorí èyí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Wáyà àṣẹ ń ti ẹnu kọ́kọ́rọ́ níwájú lọ sí ẹ̀yìn, ó sì gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ. Sólínọ́ìdì lè gba ámpíà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà tó kọ́kọ́ fẹ́ fà. Ẹnu kọ́kọ́rọ́ tó ti jó díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, pẹ̀lú wáyà gígùn àti ìdè tó ti ṣú, ń gba fóòtì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ńjìnì bá wá gbóná, wáyà bàbà inú sólínọ́ìdì gbóná pẹ̀lú. Ìdènà bàbà ń fi nǹkan bí 0.4 nínú 100 pọ̀ sí i fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Láti dígírì 30 dé 100, ó ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lé tàtẹ̀yìnwá. Fóòtì tó ń dé ti dín, ìdènà sì ti pọ̀. Agbára ìfà kò tó mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi rìléè, ìyẹn súíìsì tí iná kékeré fi ń darí iná ńlá, sí ẹ̀yìn lẹ́bàá kíkì-sítáátà. Ẹ yọ wáyà àṣẹ àtijọ́ kúrò lẹ́nu 50, ẹ so ó mọ́ 86 lára rìléè. Ẹ so 85 mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú wáyà tó nípọn láti ìdè 30 lára kíkì-sítáátà, ẹ gbà á kọjá fíúsì, ẹ so ó mọ́ 30 lára rìléè. Ẹ mú 87 lọ sẹ́nu 50 tí ẹ tú sílẹ̀. Ẹ lo rìléè tó lè gbé ámpíà 40. Láti ìgbà náà lọ, ẹnu kọ́kọ́rọ́ kàn ń fún rìléè ní àṣẹ ni, iná tó dín sí ámpíà 1 ló sì tó fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi rìléè ṣe oògùn gbogboǹṣe. Bí ẹ kò bá tíì wọn ẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ti ń so rìléè, ẹ ti ń dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé.

Bátìrì kejì nínú ọkọ̀ tí a ń sùn sí

Ọkọ̀ tí a gbé fìríìjì, fáànù tàbí gbohùngbohùn sí ní wàhálà tirẹ̀. Fìríìjì kékeré irú èyí tó wà nínú bọ́ọ̀sì Westfalia lè gba nǹkan bí ámpíà 8 nígbà tó bá ń lo iná bátìrì. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 7 lóru, ámpíà-wákàtí 56 ló jẹ yẹn. Bátìrì tó jẹ́ 60 kò ní nǹkan kan tó kù lówùúrọ̀ tí yóò fi yí ẹ̀ńjìnì. Bákan náà ni ọkọ̀ ìwàásù tó fi bátìrì kan ṣoṣo pariwo láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹ̀ńjìnì títàn.

Bátìrì méjì ló yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ọ̀kan fún kíkì-sítáátà nìkan, èkejì fún ohun inú ilé. Rìléè yóò so wọ́n pọ̀ nígbà tí ọ́tánétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, yóò sì tú wọn nígbà tí ẹ̀ńjìnì bá kú. Èyí tó ń fi fóòtì mọ àsìkò sábà máa ń so wọ́n ní nǹkan bí 13.3, á sì tú wọn ní nǹkan bí 12.8. Ẹ gbọ́dọ̀ fi fíúsì sí ẹ̀bá bátìrì kọ̀ọ̀kan, nítorí wáyà tó fara kan irin láìsí fíúsì ń di iná ọmọ ọrara, bẹ́ẹ̀ ènìyàn sì ń sùn nínú ọkọ̀ náà.

Bí bátìrì bá ń kú fúnra rẹ̀ lóru, ẹ pa ohun gbogbo, kí ẹ fi mítà sí àárín orí nẹ́gétíìfù àti wáyà rẹ̀ lórí ámpíà. Bí ó bá ju 0.05 lọ, nǹkan kan ń jẹun ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà yóò fi wálẹ̀. Ámpíà 0.5 lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ó ti jẹ ámpíà-wákàtí 36, ó ju ìdajì bátìrì 60 lọ.

Àwọn àṣà tó yẹ ká fi sílẹ̀

Ẹ má bínú sí mi. Ìfẹ́ iṣẹ́ yìí ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń tú orí bátìrì nígbà tí ẹ̀ńjìnì wà ní títàn, láti fi mọ̀ bóyá ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Bátìrì ló ń gba ìjì inú iná mọ́ra. Bí ẹ bá yọ ọ́, fóòtì lè fò sókè lójijì kí ó sun dáódù inú ọ́tánétọ̀. Mítà lórí bátìrì nígbà tí ẹ̀ńjìnì ń ṣiṣẹ́ ti tó: 13.8 sí 14.4, ọ́tánétọ̀ ń ṣe dáadáa.

Àwọn kan máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀, wọn a fi sípánà pa ìdè méjì kíkì-sítáátà pọ̀. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, yóò rìn lórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí páìpù epo bá ń jò, tó sì sábà máa ń jò nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ̀ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ìtàpá iná kan ti tó. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì tí a ń chájì náà lè bú gbàmù. Kí sìgá àti àbẹ́là jìnnà sí i. Ẹ máa kọ́kọ́ tú nẹ́gétíìfù, òun náà ni kí ẹ máa dè kẹ́yìn.

Fífi ásíìdì kún bátìrì tó ti rẹ̀ kò jí i. Omi bátìrì nìkan ni ó ń fẹ́ bí omi rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Ìṣó tí a fi há orí bátìrì tó tú, wáyà tí a ṣe dáírẹ́ẹ̀tì láìsí fíúsì, òòlù tí a fi ń lu kíkì-sítáátà lójoojúmọ́: gbogbo rẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ilé lẹ́ẹ̀kan. Kò sí èyí tó jẹ́ àtúnṣe.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Warri kì í ṣe ìlú tí wíwọn nǹkan ṣàjèjì sí. Petroleum Training Institute ti wà ní Effurun láti 1973, ilé ìfọpo ti wà ní Ekpan láti 1978. Àwọn ọmọ wa tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í ṣí nǹkan kan láì ka géèjì. Kí ló dé tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ réwáyà lẹ́bàá títì yóò fi máa fi ìméfò ṣiṣẹ́, nígbà tí ìlú kan náà ló gbé wọn?

Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá: kí mítà wà lára ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò kí ẹ tó fún un ní fìríìdọ̀ọ̀mù. Kí ó lè wọn ọ̀nà àlọ, ọ̀nà àṣẹ àti ọ̀nà àbọ̀ níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń wí.

Mo bẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù: kí ẹ tó ní kí oníbàárà ra bátìrì tàbí kíkì-sítáátà, ẹ kọ iye márùn-ún sínú ìwé fún un. Bátìrì nígbà tó ń sinmi. Bátìrì nígbà tó ń yí ẹ̀ńjìnì. Ohun tó sọnù ní ọ̀nà àlọ. Ohun tó sọnù ní ọ̀nà àbọ̀. Iná tó dé ẹnu sólínọ́ìdì. Kí ẹ fọwọ́ sí i. Oníbàárà tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò padà wá, yóò sì mú ẹlòmíràn dání.

Mo sì bẹ ẹ̀yin onímọ́tò: ẹ má ṣe kánjú réwáyà tó ń wọn iná. Ẹ sanwó fún ìwádìí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ta ohunkóhun fún yín. Bí a bá ń sanwó fún ohun tí a pààrọ̀ nìkan, pípààrọ̀ nìkan ni wọn yóò máa ṣe fún wa. Ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún òtítọ́ nípa ọkọ̀ wa ni iṣẹ́ réwáyà yóò di iṣẹ́ tí ọmọ olóyè àti ọmọ tálákà yóò jọ fi yangàn ní ìlú yìí.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi mí léèrè. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn láyè.